Kósé Tí Agatha Lọ Rà

Barnawa, Kaduna
9 Oṣù Kẹta, 1983

Àǹtí mi Patience,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ alẹ́. Ṣé eékún tó ń ro yín ti fi yín sílẹ̀? Ooru ń yan àwa níbí bí ẹran súyà. Iná mànàmáná ti lọ láti ọjọ́ Ajé, wàrà inú agolo sì ti di ohun tí à ń tò fún. Ọkọ mi Richard ní bàtà tí ẹ fi ránṣẹ́ bá òun mu gan-an, ó kí yín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ kọ sí Agatha? Mi ò bínú o, mo kàn ń béèrè ni. Láti ìgbà tí lẹ́tà yín ti dé fún un, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló wà, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ń wo olè. Lọ́jọ́ Sátidé ó sọ lójú Richard pé ẹ ti ṣèlérí pé ẹ ń bọ̀ wá mú òun lọ, pé ẹ ní èmi kò mọ ọmọ tọ́. Mo ní kí ó mú lẹ́tà náà wá kí n kà á. Ó fi í sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ níṣojú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ti ń dẹ́rù bà mí. Láàárọ̀ yóò dì mọ́ mi lọ́rùn, yóò ní kò sí ìyá bí èmi ní gbogbo Kaduna. Kí oòrùn tó wọ̀, tí n kò bá tètè dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti di ìkà, ó ti fọ́ àwo. Aṣọ alápá gígùn ló ń wọ̀ nínú ooru yìí. Mo fa apá aṣọ náà sókè, mo rí ojú ọgbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní ológbò ló ha òun. A kò ní ológbò.

Kò tún jíṣẹ́ fún mi mọ́. Tí mo bá ní kó lọ ra iyọ̀ wá ní ìkóríta, Hausa ló fi ń dá mi lóhùn, "Ba zan je ba," òun kò lọ. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, tí ọmọ ọlọ́mọ ń sáré jíṣẹ́ fún. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́, ojú sì ń tì mí.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ẹ̀yin ló ń pè ní Màámi títí ẹ fi lọ sí ìlú òyìnbó. Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní ohun kan láti sọ, èmi ni kí ẹ sọ ọ́ fún, ẹ má gba ẹ̀yìn mi sọ ọ́ fún ọmọ.

Àbúrò yín,
Edith


Leeds
2 Oṣù Kẹrin, 1983

Edith àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Richard. Bá mi kí Agatha kí o tó kí ẹnikẹ́ni, kí o sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun ni mo kọ́kọ́ kí.

Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé rẹ, n kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Mi ò kọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí mo kọ ni pé lọ́jọ́ kan, tí Ọlọ́run bá fẹ́, yóò wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Lẹ́tà ti wà nínú ikùn, kò sí bí mo ṣe lè fi hàn ọ́.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé à ń bi ara wa léèrè, èmi náà ní ìbéèrè tèmi. Agatha kọ̀wé sí mi láti ilé-ìwé. Ó ní ẹ máa ń ti òun mọ́lé. Ó ní Richard ti ń wá ẹni tí yóò gbé òun fún, àti pé tí òun bá pẹ́ dé, ìwọ kì í bu oúnjẹ òun sílẹ̀. Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀? Ojú ọgbẹ́ tó wà lápá rẹ̀, ta ló ṣe é? O mọ̀ pé ọsibítù àwọn tí ọpọlọ àti ọkàn wọn ń ṣàìsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí irú apá bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ẹni náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Nígbà mìíràn ará ilé ni. Ará ilé sì ni a máa ń kọ́kọ́ bi.

Má bínú sí mi. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, ọwọ́ rẹ yá sí ẹgba. Kọ̀wé sí mi kíákíá, kí o sì sọ òótọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Patience


Barnawa, Kaduna
20 Oṣù Karùn-ún, 1983

Àǹtí Patience,

Ẹ kú iṣẹ́. Ara wa le.

Bádéjọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Kabba, wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Mísà. Láti ọjọ́ tí a ti ń gbé ilé yìí, kò wá kí wa rí. Ó jẹun tán, ó béèrè yàrá tí Agatha ń sùn. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bóyá àgádágodo wà níbẹ̀. Ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò, ó ní òun ń gbóòórùn ẹja. Ó wá ní kí Agatha na ọwọ́ kí òun wo bó ṣe dàgbà tó. Irú ìkíni wo nìyẹn, Àǹtí? Ẹ rán amí sí mi nínú ilé ọkọ mi. Ní báyìí gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́ pé nǹkan ń ṣe ọmọ olùkọ́. Ìyàwó Bádéjọ ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bóyá a ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún irú wọn.

Mo bi Agatha bóyá mo ti òun mọ́lé rí. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó sunkún, ó ní òun kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ da àárín àwa méjèèjì rú, pé ẹ̀yin lẹ ju òun sílẹ̀. Orí ibùsùn mi ló sùn. Lọ́jọ́ kejì, ìpàdé olùkọ́ pẹ́. Nígbà tí mo délé, ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé ìró tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń parọ́ fún nínú àwa méjèèjì? Àbí ẹ̀yin náà ni ẹ ń parọ́ fún mi?

Ohun kan tún wà tí n kò tíì sọ. Tí Richard bá fipá mú un kí ó jíṣẹ́, yóò sáré lọ bí ẹni tí ajá ń lé, yóò sì sáré padà lọ́wọ́ òfo. Kò ní wo ojú ẹnikẹ́ni. Yàrá mi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn níbi tí àpótí mi wà. Ó dá mi lójú pé ó ń fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀. Mo ti tú ibẹ̀ títí, n kò rí nǹkan kan.

Tí ẹ bá fẹ́ ọmọ, Àǹtí, ẹ tọrọ tiyín lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ má fi ọgbọ́n gba tèmi.

Edith


Barnawa, Kaduna
6 Oṣù Kẹjọ, 1983

Àǹtí mi,

Mo kí yín, bí ẹ tilẹ̀ ń bínú. Mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn èyí tí mo fi bínú, ẹ kò fèsì. Mo mọ gbólóhùn tó dùn yín. N kò lè fà á yọ nínú ìwé mọ́, ẹ bá mi jù ú sínú iná.

Agatha ń bi mí ṣáá bóyá lẹ́tà yín ti dé. Tí mo bá ní kò tíì dé, yóò ní, "Mo ti mọ̀," bí àgbàlagbà.

Ilé-ìwé rẹ̀ ti ní kí ó jókòó sílé ná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Amudat, ọmọ àwọn ará Ìlọrin, wọ́n jọ ń ṣe bí ìbejì. Ọmọ náà lọ bá ẹlòmíràn jókòó ní kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni Agatha fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Afaka. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa igbó níbẹ̀ ló rí i lábẹ́ igi tó jókòó, wọ́n mú un padà wá. Apá rẹ̀ kò dára láti wò. Mo sunkún, Richard náà sunkún. Ó ti rẹ̀ mí, Àǹtí.

Èmi àti Ìyá ti fẹnu kò. Tó bá di ọdún Gbogbo Ẹni Mímọ́, n ó sọ fún un pé a fẹ́ lọ bá Ìyá ṣọdún ní Kabba. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá yóò rán an níṣẹ́ sí ilé aládùúgbò, ó ní òun mọ bí òun yóò ṣe rọ̀ ọ́ tí yóò fi lọ. Kí ó tó dé, n ó ti wọ ọkọ̀. Bí a ṣe máa ń ṣe é nílé wa náà nìyẹn, kí ọmọ má baà sunkún. Ìyá le, yóò tọ́ ọ. Ẹ dákun, ẹ fèsì kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí sí i.

Edith yín


Leeds
11 Oṣù Kẹsàn-án, 1983

Edith,

Mo wà láàyè. Ìwé rẹ ọjọ́sí wà nínú dúrọ́ọ̀, mo tì í mọ́bẹ̀. Gbólóhùn yẹn dùn mí wọ egungun, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. A ó sọ ọ́ lójúkojú.

Abẹ́ ibùsùn tí o dárúkọ ló mú mi ṣí dúrọ́ọ̀ padà. Ọmọ tó sáré dé láti ibi tí a rán an, tó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí àpótí ìyá rẹ̀ wà. Kò fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀, Edith. Ó ń wò ó bóyá o ti lọ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo kúrò nínú ilé yẹn lọ́dún 1975? Èmi, ìwọ àti Ìyá la jọ pinnu rẹ̀, pé kí n rán an lọ ra kósé, àkàrà àwọn Hausa, lọ́dọ̀ Hàwáwù ní ìkóríta, kí n sì wọ ọkọ̀ kó tó dé. Ọmọ ọdún méje ni. Ìwé tí o kọ tẹ̀lé mi wá síbí sọ pé kò sunkún rárá. Ó rọrùn fún mi láti gbà á gbọ́ nígbà náà. Ní báyìí mo ń fura sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé? Má fi ohunkóhun pamọ́.

Mi ò sọ pé kósé nìkan ló fa gbogbo èyí. A ní irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù wa, àwọn kan nínú wọn, kò sí ẹni tó sá fún wọn rí. Bí a ṣe dá wọn ni pé ohun tó ń ta ẹlòmíràn díẹ̀ ń jó wọn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn láàárọ̀ ni wọ́n ń bú lálẹ́. Kì í ṣe irọ́, bó ṣe rí lára wọn ní wákàtí náà ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kọ sí mi nípa rẹ àti ohun tó sọ fún ọ nípa mi, òótọ́ ni méjèèjì lẹ́nu rẹ̀. Àwa ni a wá ń fi bá ara wa jà. Dókítà wa ní orúkọ tó ń pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n kì í tètè fi í pe ọmọdé, èmi náà kò ní ti òkèèrè fi í pe Agatha. Wá dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọkàn níbẹ̀, kí ó máa rí i.

Má mú un lọ sí Kabba. Mo bẹ̀ ọ́. Tí o bá tún dọ́gbọ́n sá fún ọmọ yẹn, n kò mọ ohun tí ojú wa máa rí.

Patience


Barnawa, Kaduna
16 Oṣù Kẹwàá, 1983

Àǹtí mi,

Ẹ ṣé tí ẹ fèsì. Mo ka ìwé yín fún Richard.

Mi ò parọ́ fún yín. Kò sunkún. Ó dé pẹ̀lú kósé nínú bébà, ó pe Màámi, ó wọ yàrá yín. Ó wo ibùsùn tí a ti ká ẹní orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé kósé náà lé ẹsẹ̀. Kò jẹ ẹ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó gbé e sùn. Nígbà tí èèrà bò ó, Richard gbà á, ó dà á nù, Agatha sì gé e jẹ lọ́wọ́. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀. A fi ṣe àwàdà ni, à ń sọ fún àwọn àlejò pé ọmọ yìí fẹ́ràn kósé ju bàbá rẹ̀ lọ. Kò pe ẹnikẹ́ni ní Màámi mọ́ láti ìgbà náà. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i, mo rò pé ó ti wá di tèmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó bi mí, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ lọ fi mí sílẹ̀ ní Kabba?" N kò mọ bó ṣe mọ̀. Ó ní òun rí i pé mo ń ká aṣọ òun dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní a ti pinnu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní lọ mọ́. Ó bú mi bú mi. Ó bú yín. Ó wá sùn bí ọmọ tuntun.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Mò ń fura. Ọmọ yìí gbọ́n. Tó bá ti mọ̀ pé ìbẹ̀rù òun ló ń darí wa, ta ló ní kó má fi máa darí wa títí? Dókítà tí a rí sì dára. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ Agatha ní irú rẹ̀ kò sí láyé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ó ní ajá ni. Ó ṣì ń lọ ṣá. Ẹ máa bọ̀ wá wò ó fúnra yín.

Edith


Leeds
8 Oṣù Kìíní, 1984

Edith mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ sì kú àwọn ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba. Àwọn ará ibí ní kí n má wálé, n kò gbọ́. Mò ń bọ̀ fún Àjíǹde.

Sọ ọjọ́ tí n ó dé fún Agatha, kí o sì sọ ọjọ́ tí n ó padà. Kọ méjèèjì sára ògiri yàrá rẹ̀. Má ṣe yọ ìkejì kúrò nítorí kí inú rẹ̀ lè dùn. Tó bá fà á ya, tún un kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Patience


Barnawa, Kaduna
27 Oṣù Karùn-ún, 1984

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìfaradà mátírọ́ọ̀nù yín. Ṣé wọ́n ti gbà yín padà sẹ́nu iṣẹ́, àbí wọ́n ṣì ń bínú pé ẹ kò dé lọ́jọ́ tí ẹ dá? Richard ní kí n sọ fún yín pé òun bẹ̀bẹ̀ fún fèrè ọkọ̀ tí òun fọn títí lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀. Agatha ló ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n lánàá ó ní mo lè sọ.

Nígbà tí ẹ ti múra tán tí ọkọ̀ fẹ́ gbé yín lọ sí Kano, tí ó dúró síwájú yín tó ní, "Ẹ rán mi lọ ra kósé," mo rí ojú yín. Ẹ rán an, ẹ sì jókòó. Ó pẹ́, ó pẹ́ jù. Richard ń fọn fèrè, ó ní ọkọ̀ òfuurufú kò ní dúró de oníkósé. Inú bí mi, mo mú bàtà lọ́wọ́, mo ní n ó lọ wá a. Lọ́kàn mi, mo ti dá a lẹ́jọ́. Mo ní ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ni, ìrìn àjò yín ló fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ̀yìn igi dóńgóyárò tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa ni mo ti bá a. Ó ti ra kósé náà, ó ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé wa ló ń wò. Mo gbé bàtà sókè. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má pariwo. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á jáde ni."

Mo ní, "Tí wọ́n bá jáde ńkọ́?"

Ó ní, "Á jẹ́ pé mo ti mọ̀."

Ẹ dárí jì mí, Àǹtí. N kò lu ọmọ náà, n kò sì pè yín. Mo fara pamọ́ tì í lẹ́yìn igi, nítorí èmi náà fẹ́ mọ̀. Èmi náà rò pé ẹ ó jáde. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ níṣẹ́, ẹ ní ilé lọ́hùn-ún, kí ni ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ fún yín. A wà níbẹ̀ bí olè méjì, Hàwáwù ń wò wá láti ìdí agbada rẹ̀.

Lẹ́yìn náà Richard jáde, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Agatha di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ní ó parí. A wá rí i tí Richard fa àpótí yín jáde kúrò nínú ọkọ̀, tó gbé e lé orí, tó ń kùn, tó gbé e padà wọlé.

Agatha wò mí. Ó ní, "Wọ́n gbé e wọlé." Ó tún un sọ bí ẹni tó ń kọ́ èdè tuntun. Ó wá sọdá títì pẹ̀lú kósé tútù rẹ̀. Ìyókù ṣojú yín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ wá lọ ní tòótọ́, tó gbé àpótí yín dé ìdí ọkọ̀ tán tó ní òun kò fẹ́ràn yín, pé kí ẹ máa lọ, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Àǹtí, ó sunkún. Mo jókòó tì í, mo sì jẹ́ kí ó sun ún.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ó ti tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún fọ́ dígí, ó ní mo fẹ́ràn àwọn ọmọ kíláàsì mi ju òun lọ. Apá rẹ̀ ń jinná, tuntun sì yọ kan síbẹ̀. Dókítà ti padà di èèyàn. Èmi náà ṣì ń fura, sí òun, sí yín nígbà mìíràn, bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lánàá, ọbẹ̀ wà lórí iná, iyọ̀ sì tán. N kò pè é, èmi fúnra mi fẹ́ lọ. Ó ní òun ó lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jókòó síbi tí mo ti lè máa rí yín."

Mo gbé àga síta, mo gbé e sínú oòrùn níbi tí ojú rẹ̀ ti lè tó mi láti ìkóríta. Ó ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn, mo ń juwọ́ sí i. Richard jáde, ó bi mí bóyá ara mi dá, pé kí ni mò ń ṣe nínú oòrùn nígbà tí ọbẹ̀ ń jó.

Mo ní mò ń dúró de iyọ̀.

Àbúrò yín,
Edith